Bàbá Àmín, Akódà Ìlú Ìwó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń da iṣẹ́ rò lọ́kàn, tí ẹ kò tíì mọ èyí tí ẹ máa mú, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ni ìtàn yìí o. Bàbá tó bí ìyá mi ló ni ín, àwọn tí gbogbo agbolé wa ní Gídígbó ń pè ní Bàbá Àmín. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì báyìí, wọn kò lè kọ ọ́ fúnra wọn mọ́. Ni wọ́n bá ní kí èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, tí mo jókòó sílé pẹ̀lú ọmọ ọmú, máa bá wọn kọ ọ́.

"Ìwé tí bàbá rẹ ta kókó rán ọ kà," wọ́n ní, "ó yẹ kí ó wúlò fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ."

Mo tẹ́ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo gbé ìwé lé orí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Nínú ìtàn yìí, Bàbá Àgbà jẹ́ "wọ́n," ọ̀gá wọn jẹ́ "wọ́n," bàbá arúgbó tí wọ́n lọ mú náà jẹ́ "wọ́n." Mo kà á fún wọn, àwọn gan-an kò mọ èwo ni àwọn nínú rẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Máa pè mí ní Lásísì. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Ta ni yóò máa pe ọmọ ogún ọdún ní 'wọ́n'?"

Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fẹjú mọ́ mi. "Ìwọ? O fẹ́ máa pe bàbá mi ní Lásísì?"

"Èmi ni mo fún un láṣẹ," ni Bàbá Àgbà wí. "Ìgbà tí mo bá dàgbà nínú ìtàn náà, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀."

Nítorí náà, ẹ má bínú sí mi. Lásísì ni mo máa pè wọ́n ná.

Bí wọ́n ṣe gba Lásísì síṣẹ́ kò gùn. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mọ ẹnì kan ní kóòtù. Ó tán. Owó oṣù rẹ̀ sì tó ra gààrí, kò tó ra ìgbéraga. Oríṣi ọlọ́pàá méjì ló wà nígbà náà, láàárín àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira. Àwọn ti Ìjọba ń ti Ìbàdàn wá, wọ́n ń wọ bàtà. Àwọn ti Ìbílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún kóòtù ìlú, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn. Àwọn ti Ìbílẹ̀ yìí là ń pè ní akódà, ibẹ̀ ni Lásísì wọ̀. Wọ́n fún un ní ṣòkòtò kaki tó mọ ní orúnkún, bẹ́líìtì fífẹ̀, fìlà pupa, àti Sájìn Jímọ̀.

Mo ní wọ́n fún un ní Sájìn Jímọ̀, torí bí ẹrù ni wọ́n ṣe gbé ọkùnrin yẹn kà á láyà. Sájìn Jímọ̀ ti ja ogun Bọ́má, wọ́n kúrú, wọ́n ki, ọ̀rọ̀ kì í sì í jáde lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ti sọ gbólóhùn mẹ́ta láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn akódà á ní, "Inú Sájìn dùn lónìí o."

Àwọn akódà tó mọ̀wé kò ju ẹyọ kan lọ nígbà náà. Ohun tí o bá rí, orí rẹ lo máa gbé e sí títí wàá fi dé iwájú akọ̀wé kóòtù. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí Sájìn fi kọ́ Lásísì kì í ṣe bí a ṣe ń mú olè. Wọ́n rán an lọ sí ọjà Odò-Orí pé kó lọ, kó bọ̀. Ó lọ, ó bọ̀.

"Ta lo pàdé?"

"Obìnrin kan, sà."

"Obìnrin kan! Nínú gbogbo Ìwó! Kí ló rù?"

"Igbá, sà."

"Kí ló wà nínú igbá?"

"N ò mọ̀, sà."

"Padà lọ."

Obìnrin náà ti rìn dé ìdajì ìlú. Lásísì lé e bá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní kó jọ̀ọ́, kí ló wà nínú igbá yẹn. Obìnrin náà sọ igbá kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ̀kọ ni, ọkọ mi. Ṣé o fẹ́ rà ni, àbí ọ̀nà àtibá mi sọ̀rọ̀ lo ń wá?" Nígbà tó padà dé, Sájìn tún bi í pé ewé ẹ̀kọ náà, ewé gbòdògí ni àbí ewé eéran. Inú oòrùn ló dúró sí lọ́jọ́ náà títí di ìrun àsárì.

Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ṣe é báyìí. Kaki tí kò bá dúró bí pákó, Lásísì á tún un fọ̀. Bẹ́líìtì tí Sájìn kò bá rí ojú ara wọn nínú rẹ̀, á tún un nù. Ó sọkún lẹ́ẹ̀mejì, ó sá lọ ilé lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ̀ sì dá a padà kó tó jókòó. Lọ́jọ́ tí ọdún náà pé ni Sájìn tó sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí Lásísì gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

"Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," ni wọ́n wí. "Iṣẹ́ yìí, ààrò mẹ́ta ló ní. Ẹni tí o bá fẹ́ mú, kí i. Bi í. Kí o tó mú u. Bí o bá yọ ọ̀kan kúrò, ìwọ ni ọbẹ̀ máa dà lé lẹ́sẹ̀."

Lásísì ní òun ti gbọ́. Ọ̀dọ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀dọ́ ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìgbà tó yá ni kóòtù ra kẹ̀kẹ́ mẹ́ta fún àwọn akódà, Lásísì sì rí ọ̀kan gbà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ Olúpọ̀nnà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ Ilé-Ogbó. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ gígùn rẹ̀, ó gbé e wọ inú koto, ó gbé e kọlu ògiri mọ́ṣáláṣí, ó gbé e wọ inú abọ́ èlùbọ́ tí ẹnì kan sá sóòrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó mọ̀ ọ́n gùn tán, ha! Agogo rẹ̀ á máa dún gbinrin-gbinrin, fèrè á máa fì lọ́rùn rẹ̀, Ìwó kò tún gbà á mọ́. Ìgbà yẹn náà ló gbé Sàúdátù níyàwó, ìyá àgbà mi nìyẹn. Sàúdátù sì lóyún ìyá mi.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan wà ní abà kan lẹ́yìn Kúta, Bàbá Òjó ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n dáná sí igbó oko wọn, iná náà fò, ó jó kókó aládùúgbò wọn tó ń jẹ́ Jìnádù. Jìnádù gbé ẹjọ́ wá sí kóòtù. Kóòtù ránṣẹ́ pe Bàbá Òjó lẹ́ẹ̀kan, wọn kò wá. Wọ́n rán akódà mìíràn lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò wá. Òjò ti wọlé dáadáa kó tó kan Lásísì. Wọ́n ní kí ó lọ mú bàbá náà wá.

Ó bá Bàbá Òjó ní ìta ilé wọn, wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́. Lásísì fi kẹ̀kẹ́ rọ igi ọsàn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀, ojú kanlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, Bàbá. Èmi Lásísì ni, akódà láti Ìwó. Kóòtù ló ní kí n mú yín bọ̀."

Bàbá Òjó gbé ojú sókè kúrò lára ẹ̀rúkọ́. "Ọmọ mi. Ọmọ dáadáa. Ta ló kọ́ ọ báyìí? Má tíì dìde, jẹ́ kí n wúre fún ọ."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í dìde lórí àdúrà àgbà. Lásísì dúró nílẹ̀.

"Ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò níí hu ẹ̀gún mọ́ ọ lẹ́sẹ̀."

"Àmín."

"Iṣẹ́ tí o ń ṣe kò níí já mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Àmín, Bàbá."

"Ìyàwó rẹ á bí. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ."

Èyí wọ Lásísì lára. Ta ló sọ fún bàbá yìí pé Sàúdátù wà nínú oyún? Ó di ojú méjèèjì pinpin. "Àmín o! Àmín, Bàbá!"

"Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. O ò níí kú sóko ìwájẹ."

"Àmín."

Ohùn náà ń rẹlẹ̀ sí i. Lásísì rò pé ọjọ́ orí ni. Ó gbọ́ nǹkan bí "ọmọ á sin ọ́" láti ibi jíjìn, ó ṣe àmín. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó tún ṣe àmín síbẹ̀, kí àdúrà má baà ṣubú. Adìẹ kan ló wá ṣa nǹkan jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ló bá gbé orí sókè. Ẹ̀rúkọ́ nìkan ló wà lórí àpótí. Igi ọsàn dúró, kò sí kẹ̀kẹ́ lára rẹ̀. Láti inú oko kókó lọ́hùn-ún, ó ń gbọ́ gbinrin, gbinrin. Bàbá Òjó kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ṣe ni wọ́n ń tì í lọ, tó ń kọlu igi.

Ó lé wọn títí, kò bá wọn. Ẹni tí a bí sínú igbó ló mọ ọ̀nà inú rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ló fi rìn padà sí Ìwó.

Sájìn Jímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹni tí o lọ mú dà?"

"Ó lọ, sà."

"Kẹ̀kẹ́ dà?"

"Ó bá a lọ, sà."

"Ìwọ wà níbo?"

"Mo ń ṣe àmín, sà."

Ìtìjú tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin kò lè mọ̀ ọ́n. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo Ìwó ti gbọ́. Bí Lásísì bá ń kọjá, àwọn ọmọ kéwú á ké pé, "Akódà!" Àwọn kejì wọn á dá a lóhùn, "Àmín!" Obìnrin ẹlẹ́kọ ọjọ́sí náà sọ igbá kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ mi, ewé wo ni bàbá náà fi wé ọ?"

Ṣùgbọ́n kóòtù kò rẹ́rìn-ín. Ààrẹ kóòtù fún Lásísì ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí Bàbá Òjó kò bá dúró níwájú wọn kí kóòtù tó dìde ní ọjọ́ kẹsàn-án, Lásísì yóò bọ́ fìlà, bẹ́líìtì àti kaki síbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, yóò sì máa lọ sílé.

Ràìmí, akódà ẹgbẹ́ rẹ̀, fà á sí kọ̀rọ̀. "Lọ mú ìyàwó bàbá yẹn. Tì í mọ́lé ọjọ́ méjì péré. Wàá rí bí ọkọ á ṣe máa sáré bọ̀." Mo bi Bàbá Àgbà bóyá wọ́n máa ń ṣe irú ẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ní wọ́n máa ń ṣe é, kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lásísì lọ bi Sájìn.

"Ṣé ìyá náà ló dáná?"

"Rárá, sà."

"Kí wá lò ń bi mí fún?"

Nílé, Sàúdátù ń gún iyán lọ́wọ́ pẹ̀lú ikùn ńlá rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ojú ọkọ rẹ̀. "Bí wọ́n bá bọ́ kaki lára rẹ, ṣé wọ́n á bọ́ apá rẹ náà ni? Ọkọ́ bàbá rẹ ṣì wà ní àjà." Lẹ́yìn náà ló wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ṣùgbọ́n lọ wá bàbá náà o. N ò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ mi ní ọmọ Àmín."

Lásísì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí abà náà lójoojúmọ́. Ìyàwó Bàbá Òjó, Ìyá Àbẹ̀ní, nìkan ló máa ń bá. Á dọ̀bálẹ̀, á béèrè Bàbá, ìyá á ní Bàbá ti jáde, á padà. Ọjọ́ kìíní rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. Ní ọjọ́ kẹfà, òjò ká a mọ́ ọ̀nà, ó sì bá Ìyá Àbẹ̀ní lábẹ́ òjò níbi tí wọ́n ti ń bá ìdì igi jà, wọn kò rí i gbé rù. Lásísì gbé e lé orí ara rẹ̀ pẹ̀lú fìlà pupa, ó gbé e dé ìdí ààrò. Ìyá Àbẹ̀ní fún un ní aṣọ kó fi nu orí. Wọ́n wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Akódà, o mọ èèyàn kí. N ò rí irú rẹ rí. Ṣùgbọ́n o ò mọ èèyàn bi."

"Bi báwo, Màmá?"

"Ẹni àkọ́kọ́ tí kóòtù rán wá, ó na ọ̀pá sí wa, ó lọ. Ẹnì kejì pariwo, ó lọ. Ìwọ dọ̀bálẹ̀, o ní o fẹ́ mú un. Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló bi bàbá náà pé kí ló dé tí wọn ò lè wá?"

Ara Lásísì tutù ju ti òjò lọ. Iwájú ààrò ló dúró sí. Ó ka òkúta ààrò náà lójú. Ọ̀kan, kí i. Èkejì.

Ó kúnlẹ̀ sínú eérú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló dé tí Bàbá ò lè wá?"

Ìyá Àbẹ̀ní sọ fún un. Òrìṣà Oko ni abà náà ń bọ, Bàbá Òjó sì ni olórí wọn. Títí wọn yóò fi gé iṣu tuntun fún òrìṣà, ẹnikẹ́ni, ọmọdé tàbí àgbà, kò gbọdọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu. Iṣu àtijọ́ sì ti tán nínú àká. "Bí ẹ bá tì wọ́n mọ́lé nínú oṣù yìí, gbogbo ẹnu abà yìí lẹ tì pa. Bàbá ò sá fún ẹjọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá ti gé iṣu tán, àwọn á fi ẹsẹ̀ ara àwọn rìn wá."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n máa gé e?"

Ìyá Àbẹ̀ní fi ìka kà á. Ọjọ́ kẹsàn-án ni, ọjọ́ kóòtù gan-an.

Nígbà tí Lásísì sọ ọ́ fún Sájìn, Sájìn mi orí lẹ́ẹ̀kan. "O ti wá bi í," ni wọ́n wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Lásísì dé abà kí oòrùn tó gòkè. Àwọn èèyàn ti wọ aṣọ funfun, wọ́n pé jọ. Bàbá Òjó jáde láti inú oko kókó, wọ́n sì rí i. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ láàárín wọn. Ó lè dì wọ́n mú. Bí ó bá dì wọ́n mú, á dé Ìwó kí kóòtù tó jókòó, kaki á wà lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò níí pe ọmọ Sàúdátù ní ọmọ Àmín. Bí ó bá sì dúró, kò mọ ìgbà tí wọ́n máa parí.

Mo bi Bàbá Àgbà pé kí ni wọ́n rò lákòókò yẹn. Wọ́n ní àwọn kò ro nǹkan ńlá kan. Wọ́n ní ọmọbìnrin kékeré kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń wo òkìtì iṣu, ó ń gbé itọ́ mì.

Lásísì yí padà, ó lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn, ó kọjú sí ọ̀nà, ó yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń kà á. Oòrùn gòkè. Oòrùn dé àárín orí. Nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Òjó ni, wọ́n ń gbọn erùpẹ̀ lọ́wọ́.

"O ò mú mi."

"Iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́, Bàbá."

"Bí mo bá tún sá lọ ńkọ́?"

"Bí mo bá tún rí yín, màá tún dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n màá la ojú kan sílẹ̀."

Bàbá Òjó rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ lu itan. Wọ́n wọ inú àká iṣu lọ, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ jáde. Ó ń dán. Wọ́n ti fi òrí ra ṣéènì rẹ̀ láti orí dé ìdí. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń tì í kiri inú oko," ni wọ́n wí. "N ò tíì rí ibi tí wọ́n ń gbà gùn ún."

Lásísì gbé wọn sẹ́yìn, iṣu tuntun kan wà lórí itan wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ẹkùn ń lé. Ẹrẹ̀ ń ta sí wọn lára. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, Bàbá Òjó ya ẹnu, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àdúrà dúró ná! Ẹ di mí mú!"

Ní Ìwó, kóòtù ti parí gbogbo ẹjọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, Ràìmí ló sọ ọ́ fún Lásísì lẹ́yìn náà. Ààrẹ kóòtù ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì kí ó lè dìde. Ni Sájìn Jímọ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, bá jáde síwájú.

"Kí ẹ tó dìde, ẹ̀yin bàbá," ni wọ́n wí, "ẹ má bínú, n ò tíì kí yín."

Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ààrẹ. Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ìyàwó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè ọmọ tó wà ní Kánò. Wọ́n bọ́ sórí adájọ́ kejì. "Orúnkún yín ńkọ́, Bàbá?" Orúnkún dára díẹ̀. "Ọ̀tún ńkọ́? Òsì ńkọ́?" Wọ́n bọ́ sórí ẹnì kẹta. "Ewúrẹ́ yín tó ń ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

"Ó ti kú, Jímọ̀."

"Ẹ kú àsẹ̀yìndè o! Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

Gbogbo kóòtù ń wo ara wọn. Ṣùgbọ́n ta ló tó dá àgbà lẹ́kun ìkíni? Wọ́n ti dé orí ẹnì kẹrin, wọ́n ń béèrè àwọn àna rẹ̀ ní Ilé-Ogbó, nígbà tí agogo kẹ̀kẹ́ dún lẹ́nu ọ̀nà. Gbinrin, gbinrin. Sájìn dìde, wọ́n gbọn eruku lórúnkún. "Ó tó," ni wọ́n wí.

Ààrẹ kóòtù bi Bàbá Òjó pé kí ló dé tí wọ́n sá. Bàbá Òjó ṣàlàyé.

"Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ èyí fún wa láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ ò bi mí," ni Bàbá Òjó dáhùn.

Nígbà tí ẹnu ya àwọn adájọ́ tán, wọ́n pe Jìnádù, wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà ní ìtùnbí ìnùbí. Bàbá Òjó yóò fún Jìnádù ní ọmọ kókó, àwọn ọmọ wọn yóò jọ gbìn ín, ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn méjèèjì yóò sì jọ ro ààlà kí iná má baà fò mọ́. Ẹnikẹ́ni kò lọ sẹ́wọ̀n. Kaki wà lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Ààrẹ kóòtù sì pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, akódà tó bá lọ pe èèyàn tí kò jẹ́ ìpè, kó má padà wá láìmọ ìdí rẹ̀.

Láti ibí yìí lọ, n kò lè pè wọ́n ní Lásísì mọ́. Bàbá Àgbà tọ̀nà, mo mọ ìgbà náà nígbà tí mo dé ibẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Sàúdátù bí ìyá mi. Wọ́n gbọ́ ohùn ìyá, wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ. Bàbá Òjó àti Ìyá Àbẹ̀ní rìn wá síbi ìsọmọlórúkọ pẹ̀lú ẹrù iṣu, wọ́n sì wúre. Gbogbo ilé wo Bàbá Àgbà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń ṣe àmín, ojú ọ̀tún wọn là sílẹ̀ kedere. Àwọn áfáà gan-an kò lè pa ẹ̀rín wọn mọ́ra. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ẹ̀sín yẹn ti di orúkọ àpọ́nlé.

Ìyókù iṣẹ́ náà gùn, ṣùgbọ́n kò le bẹ́ẹ̀ mọ́. Sájìn Jímọ̀ fẹ̀yìn tì, wọ́n fi fèrè wọn sílẹ̀ fún Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà lọ kọ́ ìwé níbi ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé kékeré tó wà ní àpò àyà. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ni àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí Ìjọba pa ọlọ́pàá Ìbílẹ̀ rẹ́, wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn mọ́ ti Ìjọba, wọ́n fún wọn ní bàtà. Kẹ̀kẹ́ lọ, mọ́tò dé, rédíò alágbèéká dé. "Rédíò yẹn ń sọ̀rọ̀ dé Òṣogbo," ni wọ́n máa ń wí, "ṣùgbọ́n kò mọ èèyàn kí."

N kò níí parọ́ fún yín. Èèyàn kì í fẹ́ràn ọlọ́pàá, èmi náà máa ń kọjá sí òdìkejì ọ̀nà bí mo bá rí wọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Àgbà lójúkojú. Wọ́n ní, "O jàre. Èyí tí ò kí ọ, tí ò bi ọ́, sá fún un. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọmọ tí a kọ́ dáadáa bá ń sá fún iṣẹ́ náà, ta ló máa kù sídìí rẹ̀?" Mo fi ìbéèrè náà lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́.

Lánàá ni mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n ní kí n gbé ọmọ wá. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ ẹ sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ," ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣe àmín, mo tẹ orí ba, ṣùgbọ́n ọmọ ilé wa ni mí, mo la ojú kan sílẹ̀. Mo fi í wo ojú wọn. Ojú wọn tó ti ń ṣe bàìbàì náà, ọ̀kan nínú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí.